Bí Ẹ Ṣe Lè Fọwọ́ Ara Yín Ṣírò Ewu Jẹjẹrẹ Tó Wà Nínú X-ray àti CT

“Ẹ̀gbọ́n, CT tí wọ́n yà fún màmá mi ní Ìlọrin lọ́jọ́sí, ṣé kò ní padà di jẹjẹrẹ sí wọn lára?” Ìbéèrè yìí nípa CT, àwòrán X-ray tí ẹ̀rọ ń yí ara ká yà, kì í tán. Wọ́n ń fi pè mí láti Ọ̀fà, láti Òmù-Àrán, láti Ìgbájà. Àwọn mìíràn ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. “Ẹ má bẹ̀rù” ni wọ́n sábà máa ń fi dá wọn lóhùn, àmọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà fẹ́ mọ bí ohun tó ń bà á lẹ́rù ṣe tóbi tó. Ó ṣeé ṣírò. Ẹni tó lè ṣírò èrè orí àpò gàrí kan ní Ọjà Ọba lè ṣírò èyí náà, bó bá ti rí ìwé tó yẹ gbà.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ ohun tí iye tí ẹ máa rí ń sọ. Kò sọ pé jẹjẹrẹ yóò mú màmá tàbí kò ní mú wọn. Ó ń sọ pé bí 100,000 èèyàn bá gba irú ìtànṣán kan náà, iye báyìí nínú wọn ni jẹjẹrẹ lè mú nítorí rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ogunlọ́gọ̀ tó máa ń kún Yídì lọ́jọ́ Iléyá. Iye tí ẹ bá rí ń ka orí láàárín irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín

- Orúkọ àyẹ̀wò náà àti ibi tí wọ́n yà lára: orí, àyà, ikùn, ẹsẹ̀
- Ọjọ́ orí ẹni náà lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin
- Bó bá jẹ́ CT, iye tí wọ́n ń pè ní DLP, ìyẹn àròpọ̀ ìtànṣán tí ẹ̀rọ náà lò lórí gígùn ibi tó yà
- Ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù

DLP yìí ló ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní wàhálà. Ẹ̀rọ CT fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì sábà máa ń wà lójú ewé kan láàárín àwọn àwòrán náà, ewé tó kẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n kọ “Dose Report” sí lórí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Total DLP” sí. Bí àwòrán yín bá wà nínú CD, ó wà níbẹ̀. Àmọ́ wọn kì í sábà kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde tí dókítà máa ń tẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ ṣáà sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ Total DLP sẹ́yìn ìwé yìí.” Ìṣẹ́jú méjì ni yóò gbà wọ́n. Ẹni tó bá ti padà dé Èsìẹ́ tàbí Ìlọfà kó tó rántí ti kó ara rẹ̀ sí ìrìn àjò mìíràn nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yọ ohun tí kò kàn wá kúrò

Ìtànṣán tí à ń sọ ni èyí tó lágbára débi pé ó lè ba DNA inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́. X-ray, CT, mammogram, X-ray eyín, àti oògùn onítànṣán tí wọ́n ń mu tàbí tí wọ́n ń gún ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí. MRI, tó ń fi agbára òòfà yàwòrán, kò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ihò ẹ̀rọ ni wọ́n ń ti èèyàn sí bíi ti CT. Ultrasound tí àwọn aláboyún máa ń ṣe kò sí níbẹ̀. Òpó fóònù tó wà lẹ́yìn ilé yín kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ òdo sí gbogbo ìwọ̀nyẹn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá iye mSv

Sievert, tí wọ́n ń kọ ní Sv, ni òṣùwọ̀n ńlá. Bí a bá pín Sv kan sí 1,000, ìdá kan níbẹ̀ ni millisievert, mSv. Bí a bá tún pín mSv kan sí 1,000, microsievert, µSv, nìyẹn. mSv ni kóńgò wa: òun la máa fi wọn gbogbo nǹkan.

Ohun tó dára nínú òṣùwọ̀n yìí ni pé ó ti ro bí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ṣe lè tètè bàjẹ́ sí mọ́ ọn. Nínú ìlànà tí àjọ àgbáyé fún ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán, ICRP, gbé jáde ní ọdún 2007, ọyàn, ẹ̀dọ̀fóró, àpòlúkù, ìfun ńlá àti mùdùnmúdùn inú egungun gba 0.12 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan nínú odindi 1 tó jẹ́ ti gbogbo ara, nígbà tí awọ ara gba 0.01 péré. Ìdí nìyí tí X-ray ọwọ́ kò fi tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ CT ikùn.

Bí ẹ kò bá ní DLP, ẹ lo ìṣirò gbogboogbò yìí fún àgbàlagbà:

- X-ray ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀: 0.001 mSv
- X-ray eyín: 0.005 mSv
- X-ray àyà: láti 0.02 dé 0.1 mSv
- Mammogram (X-ray ọyàn): 0.4 mSv
- X-ray egungun ẹ̀yìn nísàlẹ̀: 1.5 mSv
- CT orí: 2 mSv
- CT àyà: 7 mSv
- CT ikùn àti abẹ́ ikùn: 10 mSv

Bí ẹ bá ní DLP, ẹ gbàgbé ti CT inú ìlà òkè yẹn, kí ẹ lo tiyín. Ẹ fi ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí sọ DLP yín di púpọ̀:

- Orí: 0.0021
- Ọrùn: 0.0059
- Àyà: 0.014
- Ikùn àti abẹ́ ikùn: 0.015

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá ẹni 60 ọdún kan láti Ọ̀fà tí wọ́n ya CT ikùn fún, tí Total DLP rẹ̀ jẹ́ 650. 650 × 0.015 = 9.75 mSv.

Ẹ kíyè sí i: nígbà mìíràn wọ́n máa ń ya ikùn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ìjókòó kan, kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí iṣan hàn àti lẹ́yìn tí wọ́n gún un. Total DLP ti ka gbogbo rẹ̀. 10 mSv inú ìlà òkè kò kà á, nítorí náà ẹni tí wọ́n yà lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì ní DLP yẹ kó sọ 10 yẹn di 20.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ sọ mSv di iye èèyàn

ICRP ọdún 2007 kan náà fi 5.5% fún Sv kan lélẹ̀ fún gbogbo ará ìlú, tọmọdé tàgbà. Bí ẹ bá tú u sí mSv, ó di 5.5 nínú 100,000 èèyàn fún mSv kọ̀ọ̀kan. Òfin wa kò jù báyìí lọ: mSv × 5.5 = iye èèyàn nínú 100,000.

Bàbá wa: 9.75 × 5.5 = 54 nínú 100,000, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 1,850.

X-ray àyà tó gba 0.1 mSv: 0.55 nínú 100,000. Kò tó odindi èèyàn kan.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi ọjọ́ orí àti akọ tàbí abo tún un ṣe

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń yí ìdáhùn padà jù. Sẹ́ẹ̀lì ọmọdé ṣì ń pín kíákíá, ó sì ní ọdún púpọ̀ níwájú tí jẹjẹrẹ lè fi yọjú. Ìròyìn BEIR VII tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2006 ya ewu náà sọ́tọ̀ nípa ọjọ́ orí. Mo ti pín tiwọn sí mSv kan kan, nínú 100,000 èèyàn:

- Ẹni ọdún 5: ọkùnrin 18, obìnrin 34
- Ẹni 20 ọdún: ọkùnrin 10, obìnrin 16
- Ẹni 40 ọdún: ọkùnrin 6.5, obìnrin 9
- Ẹni 60 ọdún: ọkùnrin 5, obìnrin 6
- Ẹni 80 ọdún: ọkùnrin 1.7, obìnrin 2

Ẹ fi iye tó sún mọ́ ọjọ́ orí ẹni náà rọ́pò 5.5. Bàbá ẹni 60 ọdún wa: 9.75 × 5 = nǹkan bí 49 nínú 100,000. Ká ní ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún ló gba 9.75 mSv yẹn: 9.75 × 34 = nǹkan bí 330. Ìlọ́po méje tàgbà. Bí ẹ kò bá rántí ohun mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín, ẹ rántí ìlọ́po méje yẹn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ti ọmọ yín sínú CT nítorí inú rírun lásán.

Fún àwọn arúgbó, ẹ tún fi èyí kún un: jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kì í yọjú kó tó tó ọdún méjì lẹ́yìn ìtànṣán, àwọn jẹjẹrẹ yòókù sì sábà máa ń pẹ́ tó ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá ẹni 85 ọdún tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ kò yẹ kó pàdánù CT orí nítorí ẹ̀rù jẹjẹrẹ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun mìíràn

Iye kan ṣoṣo kò sọ nǹkan kan. Ẹ fi wé ohun méjì.

Èkíní, ìtànṣán tí ilẹ̀, oúnjẹ àti ojú ọ̀run ń fún gbogbo wa: 2.4 mSv lọ́dún kan, ní ìṣirò gbogbo ayé. Bàbá wa gba ìtànṣán ọdún mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. (Ó lé ní ìdajì 2.4 yẹn tó jẹ́ gáàsì radon tó ń jáde látinú ilẹ̀ àti àpáta. Ẹ̀yin tí ilé yín wà lórí àpáta lọ́nà Igbómìnà, ẹ máa ṣí fèrèsé.)

Èkejì, jẹjẹrẹ tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìròyìn BEIR VII ṣírò rẹ̀ pé láàárín ará Amẹ́ríkà, 42 nínú 100 ni yóò ní jẹjẹrẹ láyé wọn láìsí ìtànṣán kankan níbẹ̀. Tiwa kò rí bákan náà, àmọ́ ẹ lò ó kí ẹ lè rí bí nǹkan ṣe tóbi sí ara wọn: 42,000 nínú 100,000 di 42,049.

Lẹ́yìn náà, ẹ má kọ 49 bí ẹni tó ka owó ní báńkì. Ó lè jẹ́ ìdajì rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ àwọn tó yè bọ́ nínú bọ́ǹbù Hiroshima àti Nagasaki ní 1945 ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ yìí ti wá. Nísàlẹ̀ 100 mSv, ewu náà kéré débi pé ó ṣòro láti rí i láàárín jẹjẹrẹ tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ńṣe ni àwọn onímọ̀ fa ìlà gbọọrọ láti ibi tí ìtànṣán ti pọ̀ wá sí òdo. ICRP fúnra wọn kìlọ̀ pé a kò ṣe òṣùwọ̀n mSv láti fi sọ àyànmọ́ ẹnì kan. Ẹ lò ó láti fi pinnu àyẹ̀wò tó yẹ àti èyí tí kò yẹ. Ẹ má fi dá oorun mọ́jú.

Ọmọ tó jábọ́ lórí ọ̀kadà

Ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan nínú ẹbí wa jábọ́ lórí ọ̀kadà lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó ń bì, oorun sì ń kùn ún. Wọ́n ya CT orí. DLP rẹ̀ jẹ́ 500.

Àwọn ọmọdé ní iye tiwọn fún CT orí: ọmọ tuntun 0.011, ọmọ ọdún kan 0.0067, ọlọ́dún márùn-ún 0.0040, ọlọ́dún mẹ́wàá 0.0032. Nítorí náà, 500 × 0.0040 = 2 mSv, 2 × 18 = 36 nínú 100,000. Ẹni tó bá fi 0.0021 àgbàlagbà ṣe é máa rí ìdajì ohun tó yẹ kó rí.

36 nínú 100,000, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ lè máa ya sínú ọpọlọ ọmọ. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, kí wọ́n yà á. Ohun tó dùn mí títí dòní ni ọjọ́ kejì. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, CD àkọ́kọ́ kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà wọn, kò sí ẹni tó pe ibi àkọ́kọ́ láti béèrè, wọ́n sì tún un yà. Ohun tí wọ́n rí lánàá ni wọ́n tún rí. 36 di 72 lásán, àwọn òbí sì sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n gba àwòrán sínú CD àti sórí fíìmù pẹ̀lú, kí wọ́n sì wò ó lórí kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí

*Pípa µSv, mSv àti Sv pọ̀.* Ẹnì kan pè mí tẹkúntẹkún pé òun gba “20 sievert” nínú X-ray àyà. 20 µSv ni, 0.02 mSv. 20 Sv á ti pa á.

*Fífi mGy ṣe mSv.* Lójú ewé DLP, ẹ máa rí iye kan tí wọ́n ń pè ní CTDIvol, tó wà ní mGy (milligray), òṣùwọ̀n ìtànṣán tí kò tíì ro irú ẹ̀yà ara mọ́ ọn. Ẹ má mú un. Ó lè jẹ́ 50 fún CT orí, kí mSv rẹ̀ sì jẹ́ 2.

*“Mo ti ṣe CT mẹ́ta, mi ò gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kẹrin.”* Ewu wọn ń ro pọ̀ mọ́ra lóòótọ́, àmọ́ ewu tòní kò tóbi sí i nítorí àwọn tàná. Ti àná ti kọjá, kíkọ̀ kò lè yọ ọ́ kúrò. Bí àyẹ̀wò tòní bá wúlò, ẹ ṣe é. Bí kò bá wúlò, ẹ má ṣe é, kódà kó jẹ́ àkọ́kọ́.

*Rírò pé ìtànṣán ṣì wà lára.* Bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ X-ray, ó tán. Ẹ lè pọn ọmọ yín lójú ẹsẹ̀. Mílíkì tàbí epo pupa kò fọ nǹkan kan kúrò, nítorí kò sí ohun tó kù láti fọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ ni àwọn tó mu oògùn onítànṣán, bíi iodine fún gẹ̀gẹ̀. Kí wọ́n tẹ̀ lé ohun tí ilé ìwòsàn bá sọ fún wọn nípa jíjìnnà sí ọmọdé àti aláboyún.

*Fífi ìṣirò yìí wọn ìtọ́jú jẹjẹrẹ.* Ẹni tí wọ́n ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ ń gba ohun tó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po ju tiwa lọ sí ojú kan ṣoṣo, láti pa àrùn tó ti wà. Òfin 5.5 kò bá a mu rárá.

Bó bá jẹ́ pé oyún wà

Ẹ sọ kí wọ́n tó yà yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá yín lójú. Bí ẹ bá ti yà á kí ẹ tó mọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré lọ ṣẹ́ oyún. Ìlànà ICRP ọdún 2000 sọ ọ́ kedere pé ìtànṣán tí kò tó 100 mGy sára ọmọ inú kì í ṣe ìdí láti ṣẹ́ oyún. X-ray àyà ìyá kì í fún ọmọ inú ní 0.01 mGy. CT abẹ́ ikùn máa ń fún un ní nǹkan bí 25 mGy.

Ìṣirò ti ọmọ inú yàtọ̀: nǹkan bí 6 nínú 100,000 fún mGy kọ̀ọ̀kan, fún jẹjẹrẹ kí ọmọ náà tó pé ọdún 15. CT abẹ́ ikùn: 25 × 6 = 150 nínú 100,000. Ìyẹn ni pé 99,850 kò ní í ní jẹjẹrẹ ìgbà èwe nítorí rẹ̀. Ẹ gbé iye yẹn lọ bá dókítà aláboyún, kí ẹ jọ sọ ọ́.

Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ

Báàjì tí ẹ ń fi sáyà láti wọn ìtànṣán ló ní ìdáhùn. Ẹ ro gbogbo mSv inú àbọ̀ rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi 4.1 rọ́pò 5.5, nítorí kò sí ọmọdé láàárín òṣìṣẹ́. Ẹni tó gba 1.5 mSv lọ́dún fún 20 ọdún: 30 × 4.1 = 123 nínú 100,000. Ìwọ̀n tí òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá ni 20 mSv lọ́dún, tí a bá pín ti ọdún márùn-ún dọ́gba, kò sì gbọdọ̀ ju 50 lọ lọ́dún kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ tí kò fún yín ní báàjì, tàbí tó ń gbà á tí kì í fi àbọ̀ rẹ̀ hàn yín, ń rú òfin. NNRA (Nigerian Nuclear Regulatory Authority) ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó o. Báàjì tó sùn sínú dúrọ́ọ̀ kò wọn nǹkan kan.

Ohun tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ dókítà

1. Ṣé èsì àyẹ̀wò yìí máa yí ìtọ́jú padà? Bí kò bá ní yí i padà, kí la fẹ́ fi ṣe?
2. Ṣé ultrasound tàbí MRI lè rí ohun tí ẹ ń wá? Fún inú rírun ọmọdé àti òkúta inú àpò òróòro, ultrasound ló yẹ kó ṣáájú.
3. Ṣé àwòrán tí mo gbé wá látọ̀dọ̀ àwọn ará ibòmíràn kò tó?
4. Bó bá jẹ́ ọmọdé, ṣé wọ́n ti yí ẹ̀rọ náà sí ìwọ̀n ọmọdé?

Ìwé ìrántí

Ẹ ṣí ojú ewé kan sínú fóònù yín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nílé, kí ẹ sì kọ ìlà kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá ya nǹkan fún un. Tí ọmọ wa yẹn rèé bí mo ṣe kọ ọ́: “CT orí, ọmọ ọdún 5, DLP 500, 2 mSv, CD wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.” Lábẹ́ rẹ̀: “CT orí, ọjọ́ kejì, DLP wọn ò fún wa, a kà á sí 2 mSv.”